Ẹ̀jẹ̀ Nínú Ìgbọ̀nsẹ̀: Ẹ Fi Ọ̀rọ̀ Ṣúgà Sílẹ̀ Ná

ÌBÉÈRÈ

Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ ọdún 52 ni ọkọ mi, awakọ̀ ni, ọ̀nà Iléṣà sí Ìbàdàn ló ń gbà lójoojúmọ́. Láti bí oṣù mẹ́rin sẹ́yìn ló ti ń rí ẹ̀jẹ̀ tó bá ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ìyá rẹ̀ ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, pé ṣúgà ló fà á. A ti yọ ṣúgà kúrò nínú ẹ̀kọ, nínú gàrí, nínú tíì. Àràárọ̀ ló ń mu àgbo jẹ̀dí ní gáréèjì kó tó gbéra. Ẹ̀jẹ̀ náà á dá, á tún padà. Ẹ̀yìn ń dùn ún, tábúlẹ́ẹ̀tì ìrora ló fi ń rìn. Ó ní ó ń rẹ òun ṣáá, ṣòkòtò rẹ̀ sì ti ń tóbi jù ú lọ. Ẹnì kan ní ká lọ ṣe iṣẹ́ abẹ, ó kọ̀ jálẹ̀, ó ní wọ́n sọ fún òun pé ẹni tí wọ́n bá gé jẹ̀dí fún kì í lè ṣe ọkùnrin mọ́. Kí ni ká ṣe?
Ìyá Ìbejì, Iléṣà

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìtọ́jú ilé, Ìyá Ìbejì, ẹ sì kú wàhálà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe ni màá kọ́kọ́ sọ, kí ẹ tó ka ìyókù: kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, kí bàbá lọ sí ilé ìwòsàn, kí dókítà yẹ ìdí rẹ̀ wò. Láti oṣù mẹ́rin yìí, ìyá ọkọ ti sọ tirẹ̀, alágbo ti sọ tirẹ̀, àwọn ará gáréèjì náà kò gbẹ́yìn, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹnì kan ṣoṣo tó wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ náà ti ń wá.

Gbólóhùn tí mo kà lẹ́ẹ̀mejì nínú ìwé yín ni ti ṣòkòtò. Jẹ̀díjẹ̀dí a máa mú ènìyàn ṣẹ̀jẹ̀, a máa yún ni, a sì máa dunni nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n kì í mú ènìyàn rù. Ẹni ọdún 52 tó ti ń rí ẹ̀jẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, tó ń rù, tí ara rẹ̀ kò gbé kánkán mọ́, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé jẹ̀díjẹ̀dí lásán ló ń ṣe é títí a ó fi wo inú ìfun rẹ̀. Ó lè padà jẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí náà lóòótọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wá bá wa nítorí ẹ̀jẹ̀, òun náà la máa ń bá, tàbí ibi tó ya díẹ̀ létí ihò ìdí. Àmọ́ jẹjẹrẹ ìfun ńlá, bó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹ̀jẹ̀ díẹ̀, tí kì í dunni, tó ń lọ tó ń bọ̀, títí tí onítọ̀hún á fi bá a mọ́lé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.

Ẹ bá mi bẹ ìyá ọkọ yín o, ọ̀rọ̀ yìí lè má dùn mọ́ wọn nínú. Ṣúgà kì í fa jẹ̀díjẹ̀dí. Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọn kò fi jẹ̀díjẹ̀dí dẹ́rù bà nídìí ohun dídùn, ìdí nìyẹn tí gbogbo wa fi gbà á gbọ́. Ọmọdé tí ìdí ń yún lóru, tí wọ́n ní bisikíìtì ló jẹ jù, aràn tín-tìn-tín funfun kan ló máa ń jáde lóru wá yé ẹyin sí etí ihò ìdí rẹ̀. Oògùn aràn bí albendazole ló ń pa á, gbogbo ará ilé ló sì yẹ kó lò ó pọ̀, kí wọ́n tún un lò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Bó bá wu bàbá kó máa mu ẹ̀kọ láìsí ṣúgà, kó máa bá a lọ, kò burú fún ẹni tó ń sá fún àtọ̀gbẹ. Ṣùgbọ́n ẹ ti yọ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ kò lọ. Kí tún ni ẹ̀rí tí ẹ ń wá?

Ohun tí jẹ̀díjẹ̀dí jẹ́ gan-an nìyí. Gbogbo wa, àtọmọdé àtàgbà, la ní tìmùtìmù kékeré mẹ́ta nínú ihò ìdí, tí iṣan ẹ̀jẹ̀ kún inú wọn. Àwọn ló ń bá ihò ìdí pa ẹnu dé dáadáa, tí ìgbẹ́ olómi kò fi ń já bọ́ lára wa. Bí ènìyàn bá ń fi ipá tì lójoojúmọ́ kí ìgbẹ́ tó jáde, tàbí tó ń jókòó pẹ́ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ (fóònù ti sọ ibẹ̀ di pálọ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn báyìí), tàbí tí oyún bá ń tẹ iṣan ibẹ̀, àwọn tìmùtìmù yìí á wú, wọ́n á sì máa yọ̀ wálẹ̀. Ìgbẹ́ líle á ha wọ́n lára bó ṣe ń kọjá, ẹ̀jẹ̀ á sì kán sílẹ̀. Ní ìpele kìíní, ẹ̀jẹ̀ nìkan ni, kò sí ohun tó yọ. Ní ìkejì, ó ń yọ nígbà ìgbọ̀nsẹ̀, ó sì ń padà fúnra rẹ̀. Ní ìkẹta, ọwọ́ ni ènìyàn á fi tì í padà. Ní ìkẹrin, kì í wọlé mọ́. Ẹ bi bàbá léèrè èwo ni tirẹ̀, dókítà á fẹ́ mọ̀.

Iṣẹ́ awakọ̀ kò ran ọ̀rọ̀ yìí lọ́wọ́ rárá. Wọ́n á ti jókòó kí ilẹ̀ tó mọ́. Wọn kì í fẹ́ mu omi kí wọ́n má baà máa dúró tọ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbẹ́ á máa gbọ̀n wọ́n ní Ìkirè, wọ́n á mú un mọ́ra dé Ìbàdàn, nígbà tí wọ́n bá sì débẹ̀, kò gbọ̀n wọ́n mọ́. Ìgbẹ́ tí a bá mú mọ́ra báyẹn, ìfun á máa fa omi inú rẹ̀, á le koko, ọjọ́ kejì ni wọ́n á wá máa fi ipá tì í.

Ẹ lè bi mí pé, bí àgbo kò bá ṣiṣẹ́, kí ló dé tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dá? Ọ̀pọ̀ àgbo jẹ̀dí ló ní ohun tó ń ṣunú nínú. Ewé àsùnwọ̀n tí àwọn elewé ọmọ máa ń tà, oògùn tó ń mú ìgbẹ́ rọ̀ wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, kò yàtọ̀ púpọ̀ sí èyí tó wà nínú tábúlẹ́ẹ̀tì senna tí à ń kọ ní ọsibítù. Ìgbẹ́ rọ̀, kò ha ni lára mọ́, ẹ̀jẹ̀ á sinmi. Èkejì ni pé ẹ̀jẹ̀ jẹ̀díjẹ̀dí fúnra rẹ̀ máa ń dá, ì báà ṣe pé ènìyàn mu omi lásán. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ẹ̀jẹ̀ jẹjẹrẹ náà máa ń dá báyẹn. Ẹni tó bá ń mu àgbo á rò pé òun ti ń yá, oṣù kan á di mẹ́rin, mẹ́rin á di ọdún kan. Ìgbà tí wọ́n bá máa gbé e wá, inú ti wú, ìfun ti dí. Èyí tí wọ́n fi ògógóró rẹ ní gáréèjì, ìyẹn ni mo tilẹ̀ bínú sí jù. Ẹni tó máa gbé èrò méjìdínlógún, ló ń fi ọtí ṣínu ní àárọ̀!

Kí ẹ tó lọ, iṣẹ́ kan wà tí ẹ lè ṣe nílé. Bó bá jẹ́ ṣálángá lẹ ń lò, kò sí bí bàbá ṣe lè mọ bí ẹ̀jẹ̀ náà ṣe rí. Ẹ wá póò kan fún un fún ọjọ́ kan tàbí méjì, kó ṣe é síbẹ̀, kó sì wò ó nínú ìmọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ pupa yòò tó ń kán sílẹ̀ lẹ́yìn tí ìgbẹ́ ti jáde tán, tàbí tó wà lára bébà tó fi nù ún, ìtòsí ihò ìdí ló ti wá, jẹ̀díjẹ̀dí sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó pọ́n dúdú díẹ̀, tó ti pò mọ́ ìgbẹ́, tí ikun wà pẹ̀lú rẹ̀, òkè díẹ̀ ló ti wá, ìyẹn sì ń kọ wá lóminú. Bí ó bá jẹ́ pé ńṣe ni inú ń lọ́ ọ, tó ń yàgbẹ́ oníkun ẹlẹ́jẹ̀ nígbà púpọ̀ lóòjọ́, pẹ̀lú ibà, ìgbẹ́ ọ̀rìn lè ni, kòkòrò ló ń fà á, oògùn tirẹ̀ yàtọ̀. Bí ìgbẹ́ bá sì dúdú kirikiri, tó ń fà, tó ń rùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, inú àpòlúkù tàbí òkè ìfun ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wá.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ níbẹ̀ yẹn nítorí tábúlẹ́ẹ̀tì ìrora tí ẹ mẹ́nu kàn. Ibuprofen, diclofenac, piroxicam, aspirin, àti ìyẹ̀fun ìrora tí aspirin wà nínú rẹ̀, gbogbo wọn ló ń dá ọgbẹ́ sí inú àpòlúkù bí ènìyàn bá sọ wọ́n di oúnjẹ, pàápàá tí ọtí bá tún wà nílẹ̀. Ọgbẹ́ náà lè máa ṣẹ̀jẹ̀ láìdunni rárá. Kí bàbá dá wọn dúró ná, àyàfi bó bá jẹ́ pé dókítà ló kọ aspirin fún un nítorí ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀. Ìyẹn, kó béèrè kó tó fọwọ́ kàn án. Bí ẹ̀yìn bá dùn ún, paracetamol rọrùn fún inú jù wọ́n lọ. Ẹ̀yìn ríro kì í ṣe àmì jẹ̀díjẹ̀dí bí wọ́n ṣe máa ń sọ. Jíjókòó pẹ́ lójoojúmọ́ lórí ìjókòó ọkọ̀ tó ti gbó tó láti fà á.

Ó kù ohun tí àwọn ọkùnrin ń sá fún. Àyẹ̀wò àkọ́kọ́ tí dókítà máa ṣe kò nílò iná, kò nílò ẹ̀rọ, ìka kan péré ni. Bàbá á dùbúlẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ òsì, á ká orúnkún méjèèjì sókè. Dókítà á wọ ìbọ̀wọ́, á kọ́kọ́ wo ìta ibẹ̀, á fi jẹ́lì tó ń yọ̀ sí ìka, á ní kó mí kanlẹ̀, á sì rọra ti ìka náà wọlé bó ṣe ń mí síta. Á fi yí ògiri inú ibẹ̀ ká, ọ̀tún, òsì, iwájú, ẹ̀yìn. Nínú ọkùnrin, á fọwọ́ kan ẹṣẹ́ tó ń jẹ́ prostate níwájú, ìyẹn náà dára kí a mọ̀ ọ́n ní ọdún 52. Ó ń tini lójú díẹ̀, kì í sábà dunni, kì í sì í tó ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà ló máa wo ìbọ̀wọ́ náà bóyá ẹ̀jẹ̀ tàbí ikun wà lára rẹ̀, àti àwọ̀ tí ìgbẹ́ ní.

Ẹ fetí sí èyí dáadáa. Jẹ̀díjẹ̀dí ti inú máa ń rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka kì í sábà mọ̀ ọ́n. Ohun tí ìka ń mọ̀ ni kókó líle, tàbí ojú ọgbẹ́ tí etí rẹ̀ gan. Ọ̀pọ̀ jẹjẹrẹ ìfun tí à ń rí nílẹ̀ wa, ìsàlẹ̀ pátápátá ló wà, níbi tí ìka lè dé. Ẹ wo àìsàn tí ìka àti ìbọ̀wọ́ lásán lè tú àṣírí rẹ̀, tí a wá fi àgbo bò mọ́lẹ̀ fún ọdún kan. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kọ ìpara jẹ̀díjẹ̀dí fún bàbá láìwo ibẹ̀, kó fi ọ̀wọ̀ bi í pé, “Ẹ̀yin kò ní yẹ̀ mí wò ni?” Mo mọ̀ pé èrò máa ń pọ̀ ní kílínìkì, àmọ́ ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Wọ́n á tún gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láti mọ bóyá ó tó lára rẹ̀, èyí tí ẹ máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pè ní PCV. Ẹ ṣí ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò lónìí: bí inú rẹ̀ bá funfun dípò kó pọ́n, ẹ̀jẹ̀ ti dín. Jẹ̀díjẹ̀dí lè fa àìtó ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n kò wọ́pọ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin bá dín, ìfun ló yẹ ká wò kí a tó di ẹ̀bi ru jẹ̀díjẹ̀dí.

Nítorí náà, ohunkóhun tí ìka bá rí tàbí tí kò rí, bó ṣe jẹ́ pé bàbá ti lé ní ọdún 45, tó sì ń rù, màá ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ kámẹ́rà wo gbogbo ìfun ńlá rẹ̀. Colonoscopy ni wọ́n ń pè é. Ilé ìwòsàn Wesley Guild tó wà ní Iléṣà lọ́dọ̀ yín, abẹ́ OAUTHC, ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ifẹ̀, ló wà, wọ́n lè kọ ìwé fún un láti ibẹ̀. Ifẹ̀ kò sì jìnnà, kò ju bí 30 kìlómítà lọ, ojú ọ̀nà tó ń gbà lójoojúmọ́ ni. Ó ti lé ní ọdún 10 tí àwọn oníṣẹ́ abẹ Ifẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Isaac Alatise wà lára wọn, ti ń bá ilé ìwòsàn Memorial Sloan Kettering ti New York ṣe ìwádìí lórí jẹjẹrẹ ìfun ní Nàìjíríà, iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wọn. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, bàbá kò ní jẹ oúnjẹ líle, omi àti ohun olómi tó mọ́ nìkan ni, á sì mu oògùn tó máa fọ ìfun mọ́. Ọjọ́ náà kò rọgbọ, kó má jìnnà sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ní ọjọ́ àyẹ̀wò, wọ́n á fún un ní oògùn tó ń múni tòògbé, kámẹ́rà tó wà lórí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á wọ inú, ó sì máa ń tó bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Kó má wa ọkọ̀ lọ́jọ́ náà o, kì í ṣe tirẹ̀, kì í ṣe ti èrò. Kí ẹnì kan bá a lọ. Ẹ béèrè owó rẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, ẹ sì béèrè ohun tí ètò adójútòfò ìlera máa san bí ẹ bá wà nínú rẹ̀, nítorí owó náà kì í ṣe kékeré.

Bí wọ́n bá rí kókó kékeré tí kò tíì di nǹkan, wọ́n lè gé e kúrò lójú ẹsẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ kan náà. Irú kókó bẹ́ẹ̀ máa ń lò tó ọdún 10 kó tó yí padà di jẹjẹrẹ, ìyẹn ló fi jẹ́ pé àyẹ̀wò ń gba ẹ̀mí là. Bí ó bá sì ti di jẹjẹrẹ, ìgbà tí a rí i ló ń sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe máa rí. Ní Amẹ́ríkà, nínú ènìyàn 10 tí wọ́n rí i lára wọn nígbà tó ṣì wà lójú kan, bíi 9 ló ń wà láàyè lẹ́yìn ọdún 5. Iṣẹ́ abẹ ni ìtọ́jú rẹ̀ gan-an, nígbà mìíràn pẹ̀lú oògùn àti ìtànṣán. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé àìsàn arúgbó ni. Pelé tó gba bọ́ọ̀lù fún Brazil kú nípa rẹ̀ ní 2022 ní ẹni ọdún 82 lóòótọ́, ṣùgbọ́n Chadwick Boseman, òṣèré Amẹ́ríkà, ọdún 43 péré ni nígbà tó pa á ní 2020. Ẹ tún wádìí lọ́dọ̀ ìyá bàbá bóyá ẹnì kan ti ní in nínú ẹbí, pàápàá bàbá rẹ̀ tàbí àwọn tí wọ́n jọ bí.

Ká wá ní jẹ̀díjẹ̀dí ni lóòótọ́. Iṣẹ́ abẹ kọ́ ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ sáré sí. Fún ìpele kìíní títí dé ìkẹta, wọ́n lè fi rọ́bà kékeré kan di ìdí tìmùtìmù tó wú náà. Ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀ mọ́, á gbẹ, á sì já bọ́ láàárín bí ọ̀sẹ̀ kan. Kò sí abẹ, ọjọ́ kan náà ló máa padà sílé. Èyí tó bá ti wà ní ìpele kẹrin, tàbí tí rọ́bà kò ràn, òun ni wọ́n ń gé. Ó máa ń dunni, n kò ní purọ́ fún yín, ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ pé kò ní lè ṣe ọkùnrin mọ́ yìí, ta ló ń gbé e kiri? Iṣan tó ń mú nǹkan ọkùnrin dìde kò sí níbi tí abẹ jẹ̀díjẹ̀dí ń dé. Ẹ sọ fún un pé ohun tó lè dí i lọ́wọ́ lórí ibùsùn ni ẹ̀jẹ̀ tó ń dín lójoojúmọ́, àti ògógóró inú àgbo.

Oúnjẹ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ láti òní, nítorí kò sí èyí tí kò ní ṣàǹfààní fún nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀, àyàfi tí inú rẹ̀ bá ń wú tí kò sì lè yàgbẹ́ rárá. Háhá inú oúnjẹ, tí wọ́n ń pè ní fáíbà, ló ń mú ìgbẹ́ rọ̀, bíi gíráàmù 25 sí 30 ló sì yẹ kí àgbàlagbà jẹ lójúmọ́. Ẹ wo ohun tí à ń ṣe nínú ilé ìdáná wa: a ó sẹ́ ògì, a ó kó èérí rẹ̀ fún ewúrẹ́. A ó bó ẹ̀wà fún àkàrà àti mọ́ínmọ́ín, a ó da èèpo rẹ̀ nù. Àwọn ẹran ló ń jẹ háhá, àwa ń mu omi funfun. Ẹ máa sè ẹ̀wà tèèpotèèpo fún bàbá, kó máa jẹ ìbẹ́pẹ, kó jẹ awẹ́ ọsàn dípò kó fa omi rẹ̀ kó ju ìyókù sọnù. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni, n kò ní kó má jẹ iyán mọ́, ẹni kan kò ní gbọ́ ìyẹn lẹ́nu mi ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n ẹ dín òkèlè kù, kí ẹ̀fọ́ tó wà nínú àwo pọ̀ dáadáa, gbọ̀rọ̀, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ. Kó máa mu omi, kó sì dúró nígbà tí ìgbẹ́ bá gbọ̀n ọ́n, èrò lè bínú. Omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ nínú baàfù, kó jókòó sínú rẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10 sí 15 lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ má da ohunkóhun sí i, ì báà ṣe Dettol ì báà ṣe iyọ̀, ibẹ̀ ti rà tẹ́lẹ̀.

Kó má dúró de ọjọ́ kílínìkì, ibi ìtọ́jú pàjáwìrì ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀ bá ń ya tí kò dúró, bí òòyì bá ń kọ́ ọ tàbí tó dákú, bó bá bì ẹ̀jẹ̀, bó bá yàgbẹ́ dúdú, tàbí bí inú rẹ̀ bá wú, tí kò yàgbẹ́, tí kò só, tó sì ń bì.

Nígbà tó bá ń lọ, kó mú ìgò àgbo náà dání àti gbogbo páálí tábúlẹ́ẹ̀tì tó ń lò, kí wọ́n rí wọn. Ẹ̀yin náà, ẹ bá a lọ bí ààyè bá gbà yín. Àwọn ọkùnrin kì í sábà sọ ti ṣòkòtò fún wa.